Ẹgbẹ́ Kékeré

Eré kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní, tí ó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa ní Àpẹ́tẹ̀. Nínú eré náà, wọn a fi ọkàn dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀, wọn a kó ẹgbẹ́ òṣèlú jọ, wọn a dìbò, wọn a sì ṣòfin. Ẹgbẹ́ ńlá méjì tàbí mẹ́ta ni ó sábà máa ń gba ilé ìgbìmọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́; ẹgbẹ́ kékeré a sì jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ìdúró níbẹ̀ bá sú ẹnìkan, yóò tẹ ohun kan lójú ẹ̀rọ, ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ ńlá nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé èéṣe. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí nínú òṣèlú tòótọ́?

Ẹgbẹ́ kékeré kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ní ọdún 1951, Chike Obi, ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò, tí ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, dá ẹgbẹ́ Dynamic Party sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò tóbi rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé onímọ̀ ìṣirò kò lè ka iye ìbò tí ó wà lọ́wọ́ òun. Ó ní ohun tí ó fẹ́ sọ, ó sì sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti dúró ti ẹgbẹ́ tí kò ní nǹkan lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ó bá rí nǹkan gbà ni ìdánwò dé.

Ní ọdún 1951 kan náà, wọ́n dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ará ìlú kì í yan aṣòfin fúnra wọn nígbà náà: wọ́n a yan aṣojú, àwọn aṣojú ni yóò sì yan aṣòfin. Ẹgbẹ́ Ibadan People's Party, tí Olóyè A. M. A. Akinloye ṣe olórí rẹ̀, gba àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó jẹ́ ti Ìbàdàn. Ó ṣe, márùn-ún nínú wọn lọ sọ́dọ̀ Action Group. Adégòkè Adélabú nìkan ni kò bá wọn lọ. NCNC ni òun dúró tì. Ní ọdún 1952, Akinloye di Mínísítà fún ètò ọ̀gbìn.

Ẹ má ṣe yára dá àwọn márùn-ún náà lẹ́bi. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ wọn títí di òní. Ìlú ń fẹ́ ọ̀nà, ó ń fẹ́ omi, ó sì ń fẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Aṣòfin tí ó wà lẹ́yìn ìjọba kì í sábà mú wọn wálé. Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí.

Síbẹ̀, ta ni ó ni àga? Bí ìyá kan bá fún ọmọ rẹ̀ lówó pé kí ó lọ ra iṣu ní ọjà Dùgbẹ̀, tí ọmọ náà rí ańkárá tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀, ó lè jẹ́ pé inú ìyá yóò dùn sí aṣọ náà ju iṣu lọ. Ṣùgbọ́n owó kì í ṣe ti ọmọ. Ilé ni ó yẹ kí ó padà sí láti béèrè. Ìdìbò onípele ti 1951 tilẹ̀ mú kí ó rọrùn láti gbàgbé ẹni tí ó ránni níṣẹ́: ará Bẹẹrẹ kò rí ojú aṣòfin, aṣojú ni ó rí.

Adélabú náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Ẹgbẹ́ Mábọ̀lájẹ́ tí ó kó jọ borí ní Ìbàdàn ní 1954, ó sì di mínísítà ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí lórí Ìgbìmọ̀ Àgbègbè Ìbàdàn dé bá a, ó sì fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní 1956. Ẹni tí kò ṣí kúrò nínú ẹgbẹ́ lè kọsẹ̀ níbòmíràn.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní apá 68 àti 109, ti bá ìyá oníṣu wí tirẹ̀: aṣòfin tí ó bá fi ẹgbẹ́ tí ó gbé e wọlé sílẹ̀ kí sáà rẹ̀ tó pé yóò pàdánù àga, àyàfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tí ó bá dàpọ̀ mọ́ òmíràn. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ nípa ìpínyà tí ẹnikẹ́ni kò rí, àfi ẹni tí ó fẹ́ lọ.