Àgbọ́ìgbọ́tán
Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ègùn kọ́ ló jẹ̀bi o. Etí tó kánjú ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níwájú dókítà. Láti 1907 tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ará Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀ ti ń ro àìsàn fún dókítà. Ìyá àgbà ní, "Orí ń fọ́ mi…" Bíírò dókítà ti kọ ibà! Ó ku ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀: àgbo tó ń mu láàárọ̀, tó lè bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò jà. Ẹ jágbe mọ́ ọn, ó gbé e mì nìyẹn. Dókítà tó gbé bíírò sílẹ̀, tó ní, "Ẹ máa wí, Màmá, mò ń gbọ́," òun ni wọ́n á béèrè nígbà mìíràn.