Ta Ló Jẹ Gbèsè Òjò Tí Kò Tíì Rọ̀?

Bí káfíńtà bá gun òrùlé ní oṣù kejì ọdún, tó kan ìṣó mẹ́wàá, tó fi ọ̀dà dí ihò mẹ́ta, tó sọ̀kalẹ̀, tó ní "Ó ti parí," kí ló sọ gan-an? Ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, òjò ṣọ̀wọ́n ní oṣù kejì. Eruku pupa wà lórí gbogbo nǹkan, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni. Òjò tí yóò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ káfíńtà kò ní dé títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ló fẹ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ebi kì í sì í dúró de òjò. Ṣé irọ́ ló pa ni? Àwa rò pé kò pa irọ́, kò sì sọ òótọ́. Ìrètí ló ń tà, ó kàn ń pè é ní ìmọ̀.

Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà jẹun bíi tiwa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nínú iṣẹ́ wa, "mo ti tún un ṣe" ni gbólóhùn tó rọrùn jù láti sọ, òun náà ló sì máa ń dójú ti ni jù. Ẹ̀rọ a máa sọ fún wa ibi tí software ti ṣubú; kì í sọ ibi tó ti kọsẹ̀. Ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òrùlé rí. Ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti wọlé. Omi lè gba ìdí ìṣó kan nítòsí téńté òrùlé, kó máa yọ́ rìn lábẹ́ páànù, kó gun igi, kó bá igi náà lọ títí yóò fi kan kókó kan, ibẹ̀ ló máa wá já bọ́ sí. Ẹni tó bá lọ lẹ ọ̀dà mọ́ òkè orí abọ́ tí omi ń kán sí ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ onígbòkun lójú òkun mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọkọ̀ wọn ní ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ lórí, tí wọ́n máa ń ṣí kí atẹ́gùn lè wọ yàrá ìsàlẹ̀. Bí omi bá kán sórí ibùsùn, gbogbo èèyàn á dá ìlẹ̀kùn náà lẹ́bi, nígbà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí skúrù kan tó jìnnà síbẹ̀ ni omi gbà wọlé. Kí wọ́n tó tú ohunkóhun, wọ́n máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kun etí ibi tí ìlẹ̀kùn ń jókòó lé, wọ́n á pa á dé, wọ́n á ṣí i, wọ́n á wo bóyá ṣọ́ọ̀kì náà lẹ̀ mọ́ rọ́bà ìlẹ̀kùn yíká. Ibi tí kò bá lẹ̀ ni wọ́n á fura sí. Bó bá lẹ̀ yíká, wọn ò ní fọwọ́ kan rọ́bà mọ́, ibòmíràn ni wọ́n á wá ẹjọ́ lọ. Òkè-Ògùn kò ní òkun, ọkọ̀ tó súnmọ́ wa jù ni ti àwọn apẹja lórí omi Ìkéré, níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn. Páànù ni tiwa.

Kí páànù tó dé, koríko ni. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, koríko bẹẹrẹ sì lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin á ru koríko náà wá láti fi bo òrùlé ààfin. Samuel Johnson sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ohun tó gbà wá lọ́kàn níbẹ̀ ni pé ọdọọdún ni. Ẹni tó ń fi koríko bolé kì í ní òun ti parí, "ó di àmọ́dún" ló ń sọ.

Páànù ló kọ́ wa ní "ó ti parí." Ní 1829, Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ bí ìgbì omi, ní 1837, Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní Faransé lórí bí a ṣe ń fi síńkì bo irin kó má baà dípẹtà. Ọwọ́ àwọn méjèèjì ni páànù orí ilé wa ti ṣẹ̀. Ó dára, kì í jóná bíi koríko. Ṣùgbọ́n kò sí páànù tí a kì í dá ihò sí kó tó lè dúró lórí ilé: iye ìṣó, iye ihò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kan ìṣó sórí ìgbì, tí a kì í kàn án sí kòtò rẹ̀ níbi tí omi ń gbà lọ, tí a sì ń fi rọ́bà sábẹ́ orí ìṣó. Oòrùn ọ̀dàn kò sì fẹ́ràn rọ́bà. Lọ́sàn-án páànù á gbóná, á fẹ̀. Lóru á tutù, á sún kì. Báyìí lá máa fa ìṣó díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, rọ́bà náà á gan, á là. (Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òrùlé kò jò rárá: ooru ilé ìdáná ló lọ bá páànù tútù lókè láàárọ̀ kùtù, tó di omi, tó ń kán. Ọ̀dà kò lè wo ìyẹn sàn láéláé.)

Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, omi tó kán sórí òfì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ lásán. Omi tó gba ara páànù tó ti dípẹtà kọjá ti pọ́n; bó bá kán sí òwú funfun oníbàárà, àbàwọ́n ni, ọṣẹ ò ní bó o. Ẹni tó gbé òwú wá ń retí aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ahunṣọ ló sì máa san án. Abẹ́ àtíbàbà tí ẹbí wa ti ń hunṣọ, káfíńtà kan wá lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọ̀dà sí òkè orí òfì tó ń tutù, ó gba owó lẹ́ẹ̀mejì, omi náà ò sì yé bọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí kò ṣe ni pé kò bi ẹni tó ń jókòó sídìí òfì náà ní nǹkan kan.

Ọmọ ogún ọdún ni, kò gun òrùlé rí. Nígbà tí wọ́n wá bi í, ó ní òjò oṣù kẹjọ, èyí tó máa ń rọ̀ wẹliwẹli, kì í kan òun. Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń fi ìjì bọ̀ ló máa ń bá òun fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn tó. Bó bá jẹ́ ihò ni, òjò wẹliwẹli á rí i. Bó bá jẹ́ ìjì ló ń ti omi wọlé, ibi tí páànù ti gorí ara wọn ni ká wò. Ìlà-oòrùn ni ìjì òjò ti máa ń wá bá wa, nítorí náà apá ìwọ̀-oòrùn ló yẹ kí ẹni tó ń tẹ́ páànù ti bẹ̀rẹ̀, kí etí èyí tó wà lókè lè kẹ̀yìn sí ìjì. Wọ́n gòkè lọ wò ó: ti àtíbàbà náà, ìlà-oòrùn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo etí páànù ló la ẹnu sílẹ̀ de ìjì. Ọmọ yẹn ti ní ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìdúnàádúrà wà láàárín onílé àti oníṣẹ́, kò sí ẹni tó pe ẹni tí omi ń kán lé lórí sí i.

Ó ṣeé ṣe láti mọ̀ kí òjò tó dé. Ẹ gbé omi gòkè, ẹ dà á láti ìsàlẹ̀ òrùlé lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, kí ẹnìkan máa wò nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ òkè lẹ ti bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn kọjá lórí gbogbo ihò, ẹ ò sì ní mọ èyí tó gbà wọlé. Bó bá jẹ́ ti ìjì, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti fọ́n ọn, kó le. Dídà tó ṣáájú àtúnṣe sì ṣe pàtàkì ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò rí i kó jò kò lè sọ pé òun ló dá a dúró. Nínú iṣẹ́ tiwa náà, a kọ́kọ́ máa ń mú kí nǹkan náà bàjẹ́ lójú wa ná, ká tó fọwọ́ kàn án.

Àmọ́ oṣù kejì la wà. Kànga ti ń gbẹ, àwọn ọmọ ń to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ omi láti òwúrọ̀. Ẹ lọ sọ fún ìyá àgbà pé ẹ fẹ́ da kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sórí páànù torí pé ẹ fẹ́ mọ òótọ́! Òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. A ò bú ẹni tó bá yàn láti fi omi rẹ̀ sebẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrètí ló rà, ó sì mọ̀. Kó má pe káfíńtà lólè ní oṣù kẹrin. Bó bá sì jẹ́ káfíńtà ni kò jẹ́ kí wọ́n da omi, ọrùn rẹ̀ ni ẹrù náà wà.

Àwọn kan á ní kí wọ́n má san kọ́bọ̀ títí òjò á fi rọ̀. A ò gbà. Onílé ló yan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí pé páànù tútù ń yọ̀, èèyàn kì í sì í gun òrùlé nínú mànàmáná. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ oníṣẹ́ ni yóò fi ebi san ìdúró yẹn? Àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá ní ọ̀nà tiwọn: wọ́n máa ń dá ìdá márùn-ún tàbí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó dúró fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, bóyá àléébù á yọjú. Ẹ wo oṣù mẹ́fà yẹn dáadáa. Òrùlé tó parí ní ìparí oṣù kẹwàá, ìparí oṣù kẹrin ni tirẹ̀ pé. Òjò mélòó ló ti rí?

Àwọn ahunṣọ ò ka oṣù. Ohun tí wọ́n bá káfíńtà tuntun ṣàdéhùn ni ìdajì owó kó tó gòkè, ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jọ da omi, ìyókù lẹ́yìn òjò oníjì mẹ́ta láti ìlà-oòrùn. Káfíńtà náà ní ta ni yóò máa bá àwọn ka òjò ọ̀hún. Wọ́n nawọ́ sí ọmọkùnrin tó jókòó sídìí òfì.