Kámẹ́rà Nínú Ilé Òṣìṣẹ́

ÀǸTÍ: Kí ló dé tí o kò fẹ́ bá wa ṣe ètò tí mo ní kí o ṣe? Kí òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé tan kámẹ́rà kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án títí di aago márùn-ún, kí ló burú níbẹ̀? Owó oṣù wọn kò dín.

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú, mà. Àwọn tí yóò lò ó ni mo ní ká kọ́kọ́ lọ bá. Obìnrin tí ẹ ní iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pẹ́ yẹn, ṣé ẹ mọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí?

ÀǸTÍ: Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń sanwó fún. Kí ló kàn mí nínú ilé rẹ̀?

ÀBÚRÒ: Láti ọjọ́ tí ẹ ti ní kó máa ṣiṣẹ́ nílé ni ilé rẹ̀ ti di ọ́fíìsì yín. Ní ọ́fíìsì, ẹ̀yin lẹ ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yin lẹ ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì. Nílé, òun ló ń ra méjèèjì. Lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróò kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kámẹ́rà tí kò gbọdọ̀ kú láti àárọ̀ yóò tún máa jẹ dátà rẹ̀.

ÀǸTÍ: Gbogbo wa la ń ra epo. Àwọn tó ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n lè kọjá Third Mainland Bridge kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹnì kan bá ń sùn nílé tó sì ń gba iye kan náà, àwọn yẹn ni mo rẹ́ jẹ.

ÀBÚRÒ: Òótọ́ lẹ sọ, n kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó iṣẹ́ tí kò ṣe. Ṣùgbọ́n ìjókòó ni kámẹ́rà yóò máa kà, kò lè mọ iṣẹ́. Ẹni tó jókòó gbagidi láìṣe nǹkan kan yóò yege. Ẹni tó dìde lọ fọ́mọ lọ́mú, tó wá fòru parí iṣẹ́ nígbà tí iná dé, ètò yóò pè é ní ọ̀lẹ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já lẹ́bàá Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ta ni ètò yìí ìbá dá láre? Ní Pọ́túgàl, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 kò gbà kí ọ̀gá fipá mú òṣìṣẹ́ tó wà nílé wà lójú kámẹ́rà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àfikún owó iná àti íntánẹ́ẹ̀tì, ọrùn ọ̀gá ló wà.

ÀǸTÍ: Mo ti bi tiwa léèrè lórí WhatsApp. Gbogbo wọn ló ní kò sí ìṣòro.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ sí owó oṣù wọn, mà. Ta ló fẹ́ sọ pé ìṣòro wà? Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tí kò lágbára lórí oúnjẹ wọn lọ gbọ́ tẹnu wọn, kó fojú rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà la ó ṣe ètò kékeré, kí àwọn díẹ̀ dán an wò, kí a sì tún un ṣe bí wọ́n bá ṣe wí.

ÀǸTÍ: Ìwọ náà fẹ́ wọlé wọn nìyẹn. Kí ló yàtọ̀ sí kámẹ́rà mi?

ÀBÚRÒ: Ẹni tó bá gbà kí n wá nìkan ni n ó lọ bá. Ohun tí wọ́n bá sì sọ, n kò ní dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín.

ÀǸTÍ: Fún mi náà?

ÀBÚRÒ: Fún ẹ̀yin gan-an, mà.

ÀǸTÍ: Ó dáa. Mo yọ kámẹ́rà kúrò. Ohun tí wọ́n bá parí la ó máa wò. Owó epo ni n kò lè ṣèlérí. Kò sí lọ́wọ́ mi.

ÀBÚRÒ: N ó kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ó gbé lọ fáwọn ọ̀gá yín, pé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń bá iléeṣẹ́ san án.

ÀǸTÍ: Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ iye rẹ̀ sí i, lóṣooṣù, nítorí iye ni wọn yóò kọ́kọ́ bi mí.