Lẹ́yìn Àmín: Ojúṣe Wa sí Aboyún Tí Ó Ní Ọmọ Kéékèèké Nílé

Ìwàásù kìíní

Bismillāhi Rahmāni Rahīm.

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí Ó mọ ohun tí ń bẹ nínú ọlẹ̀ kí ìyá fúnra rẹ̀ tó mọ̀, Ọba tí Ó ń bọ́ ọmọ ní ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tó. A ń dúpẹ́ fún Un, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹlòmíràn tí ìjọ́sìn tọ́ sí lẹ́yìn Rẹ̀, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kí ó máa bá àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìgbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Allāhu ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀, nínú mọ́sálásí àti nínú yàrá wa.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, kò sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan nínú ìjọ wa yìí, ní Ute, tí a kì í tọrọ àdúà fún àwọn aboyún. A ó ní kí Ọlọ́hun sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀, kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Gbogbo ìjọ a sì dáhùn pé àmín. Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa lónìí ni èyí: lẹ́yìn àmín, kí ni a ń ṣe nígbà tí a bá dé ilé?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Oyún ìyáálé ilé náà ti wọ oṣù kẹjọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin wà nílẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé e kò tíì pé ọdún méjì. Kí a tó parí ìrun àsùbáà ni obìnrin yìí ti dìde. Omi wà tí yóò pọn, iná wà tí yóò dá, àwọn ọmọ wà tí yóò wẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, oorun òru àná kò sì tó nǹkan. Ọmọ kékeré na ọwọ́ sókè, ó ń sunkún pé kí ìyá òun pọn òun. Ọmọdé kò mọ̀ pé ẹrù ti wà níwájú kí òun tó béèrè ààyè ní ẹ̀yìn. Kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ mọ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ mọ̀. Àwa aládùúgbò náà mọ̀.

Nínú Súrà Lukmọ́n, Ọlọ́hun rán ọmọ ènìyàn létí pé àìlera tí ó ń gorí àìlera ni ìyá fi ru oyún rẹ̀. Nítorí àìlera yìí, ẹ̀sìn wa gba aboyún láàyè láti jẹun nínú oṣù Ràmàdáánì nígbà tí ó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ inú rẹ̀. Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwẹ̀ jẹ́ òpó kan nínú àwọn òpó ẹ̀sìn márùn-ún, síbẹ̀ Ọba tí Ó ṣe é ní ọ̀ranyàn fún wa dẹ̀ ẹ́ fún aboyún. Bí Ọlọ́hun bá lè fi ẹ̀tọ́ tirẹ̀ dẹ ẹrù rẹ̀, ta ni àwa tí a kò lè dáwọ́ lé ẹ̀kún omi kan, tí a kò lè fọ àwo, tí a ń bínú nítorí pé ọbẹ̀ pẹ́ lórí iná?

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ ilé kì í ṣe ti ọkùnrin. Ẹ jẹ́ kí a bi ìyá wa Àíṣà léèrè. Nígbà tí wọ́n bi í ní ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀, bí àsìkò ìrun bá sì tó, yóò jáde lọ kírun. Ànábì a máa tún bàtà rẹ̀ ṣe, a sì máa lẹ aṣọ rẹ̀. Ó gbé Ùmámà, ọmọ Sáínábù ọmọ rẹ̀, lé èjìká nígbà tí ó ń ṣe lèmọ́mù fún àwọn ènìyàn. Bí ó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, a gbé e sílẹ̀, bí ó bá dìde, a tún gbé e. Nígbà mìíràn ó ti fẹ́ kí ìrun gùn, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ igbe ọmọ kékeré, a dín in kù, nítorí ó mọ ohun tí igbe náà ń ṣe nínú ọkàn ìyá. Ẹni tí ó gbé ọmọ nínú ìrun kò fi ipò rẹ̀ sọnù. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, ẹ pọn ọmọ. Ẹ wẹ̀ fún un. Ẹ fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ẹ mú un dání wá sí mọ́sálásí kí ìyá rẹ̀ lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ó bá sì sunkún níbí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe dá a lágara.

Ohun kan tún wà tí a máa ń gbójú fò. Ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ náà wà nínú ìṣòro tirẹ̀. Ẹlòmíràn tí kì í tọ̀ sílé mọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní í jẹun àfi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. A máa ń ní ó ti ya aláìgbọ́ràn, a sì máa ń nà án. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ọ̀nà tí ó dára ni pé kí bàbá tàbí ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ sùn kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, kí ó lè mọ̀ pé àyà mìíràn wà tí òun lè fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ikùn ìyá rẹ̀ kí ó sì kí àbúrò rẹ̀. Kí a má sì di gbogbo ẹrù ilé lé ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án lórí, kí a wá mú un kúrò ní ilé ìwé nítorí pé ìyá rẹ̀ lóyún. Ọmọ ni òun náà.

Ẹ̀yin mùmíní, ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ nínú ìwàásù yìí ni ó kàn yìí. A kò sọ ọ́ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn wa pé kí a wá ṣe àdúà fún aboyún kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sùn sí oko, a pe fóònù rẹ̀ títí, kò lọ. Àwa àgbà jókòó sí ìta. Ìyá ọkọ ní kí a dúró de ọmọ òun, nítorí òun kò lè pàṣẹ lórí aya ẹlẹ́ni. Ẹnì kan béèrè ẹni tí yóò sanwó bí a bá gbé e lọ. A ń ṣe àdúà, a sì ń wo ọ̀nà oko. Ìyá arúgbó kan ní àdúgbò, tí kò bá wọn tan rárá, ni ó jáde síta tí ó sì pariwo lé wa lórí pé kí a lọ wá mọ́tò. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí ìyá sí. Ọmọ kò yè. Àwọn ọmọ kéékèèké méjì tí wọ́n ti sùn sórí ẹní jí ní òwúrọ̀, wọ́n ń béèrè ìyá wọn, kò sì sí ẹni tí ó mọ èsì tí òun yóò fún wọn nínú wa. Láti ọjọ́ náà ni ó ti yé wa pé àdúà wa dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹsẹ̀ wa ni kò gbéra nílẹ̀.

Ní ọdún 2009, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò jẹ́ gómìnà, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Àbíyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera nígbà ìṣòro. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣí Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ní Àkúrẹ́. Ní ọdún 2014, wọ́n tún gbé ètò Agbẹ̀bíyè kalẹ̀, kí àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lè máa darí àwọn aboyún sí ilé ìwòsàn. Àwọn tí wọ́n ṣètò Àbíyè sọ pé ìdádúró mẹ́rin ni ó ń pa ìyá: ìdádúró kí a tó pinnu láti wá ìtọ́jú, ìdádúró lójú ọ̀nà, ìdádúró kí a tó rí ìtọ́jú gbà nígbà tí a bá débẹ̀, àti ìdádúró kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù.

Ẹ wò ó dáadáa. Mẹ́ta nínú rẹ̀ wà lójú títì àti nínú ilé ìwòsàn. Ó tọ́ kí a bi ìjọba léèrè nípa wọn. Ṣùgbọ́n èkíní wà nínú ilé wa. Gómìnà kankan kò lè bá wa mú un kúrò. Àwa ni yóò mú un kúrò.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún gbogbo yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, nítorí Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

Ìwàásù kejì

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì àyànfẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, àwọn onítàn gbà á wá pé Úmárù, olórí àwọn mùmíní, ń rìn kiri lóru ní ẹ̀yìn ìlú Mẹdínà, ó sì rí àjèjì kan lẹ́nu àgọ́ rẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà ń rọbí nínú àgọ́, kò sí ẹnì kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Úmárù kò ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ó padà sílé, ó jí Úmù Kùlúsúmù, aya rẹ̀, ó bi í bóyá ó fẹ́ láádá tí Ọlọ́hun gbé kò ó lójú. Aya rẹ̀ wọlé lọ gbẹ̀bí. Olórí àwọn mùmíní fúnra rẹ̀ ru ìyẹ̀fun àti ọ̀rá, ó dáná, ó fẹ́ ẹ, ó sì se oúnjẹ. Ìgbà tí a bí ọmọ tán ni àjèjì náà tó mọ ẹni tí ó ń dáná fún òun. Obìnrin tí kò mọ̀ rí ni Úmárù ṣe èyí fún. Tiwa ńkọ́, tí a mọ̀, tí a sì fẹ́ sílé?

Nítorí náà, kí oyún tó wọ oṣù kẹsàn-án, kí olúkúlùkù ṣe ohun wọ̀nyí. Kí aboyún ní káàdì ní ilé ìwòsàn, kí ó má sì pa ọjọ́ kílíníìkì jẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún rí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ kí ó tó bímọ. Kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Kí owó díẹ̀ wà nípamọ́ tí a kò ní í fi ra nǹkan mìíràn. Kí a ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ̀rọ̀ tí yóò gbé e lọ lóru, ìbáà jẹ́ sí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí, ìbáà jẹ́ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Kí ẹbí méjì tí ara wọn le ti ṣe tán láti fún un ní ẹ̀jẹ̀. Kí a sì mọ ẹni tí àwọn ọmọ kéékèèké yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, kí ìyá má baà máa fà sẹ́yìn nítorí wọn.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá wú lójijì, bí gìrì bá mú un, bí ibà líle bá kọ lù ú, bí omi bá tú, tàbí bí ọmọ kò bá yí nínú mọ́, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ìyá agbẹ̀bí má sọ pé òun yóò tún gbìyànjú díẹ̀ sí i. Kí àwa lèmọ́mù náà ṣe àdúà nínú ọkọ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń lọ.

Ẹ̀yin ọkọ, ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ ṣe lálẹ́ òní, kò sì ní í ná yín ní kọ́bọ̀. Kí ẹ tó lọ sí oko tàbí sí ọjà lọ́la, ẹ pe ìyá yín, ẹ pe àwọn àbúrò yín àti aládùúgbò, ẹ sì sọ ọ́ lójú ìyàwó yín pé: “Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí n kò sí nílé, ẹ má dúró dè mí.” Ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí ọmọ yín bá gbàgbé láti sọ ọ́, àwa ti bá a sọ ọ́ lórí mínbárì yìí. Àṣẹ ti wà nílẹ̀.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, sọ àwọn aboyún wa kalẹ̀ ní àlàáfíà. Má jẹ́ kí ọmọ wọn sọkún wá ìyá, má jẹ́ kí ìyá sọkún wá ọmọ. Ìwọ Ọba tí Ó pèsè èso àti omi fún Máríyámọ̀ ní ìdí ọ̀pẹ nígbà tí kò ní olùrànlọ́wọ́, pèsè fún àwọn tí kò ní ẹnì kan. Kẹ́ àwọn tí wọ́n kú níbi ìkúnlẹ̀, kí o sì kà wọ́n mọ́ àwọn ajẹ́rìíkú. Bá wa tọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Fún wa ní ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹnu tí ń ṣe àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ dìde, kí a gbé ìrun dúró.