ÌKÍNI TÍ ỌLỌ́RUN Ń BẸ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: Rúùtù 2:1-4, Mátíù 10:11-13



Bí àwọn ará wa bá ti Èkó wá sí Àjàṣẹ́ tàbí Kétu, tí wọ́n bá ń padà lọ, a máa ń gbọ́ kí wọ́n wí pé, "Goodbye." Kí ni ọ̀rọ̀ náà ń wí gan-an?

Kí ọdún 1600 tó pé, bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ pínyà, wọn a wí pé, "God be with ye," èyíinì ni, "Kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín." Àdúrà mà ni! Bí ẹnu ti ń yára wí i, wọ́n gé e kúrú. Bí ó sì ti jẹ́ pé "good," tí í ṣe "dára," ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, "good" wá gba ipò Ọlọ́run nínú rẹ̀. "Adieu" ti àwọn Faransé náà, "ó di ọwọ́ Ọlọ́run" ni. "Ó dàbọ̀" tiwa ń retí àbọ̀. Ta ni ó sì ni àbọ̀ bí kò ṣe Ọlọ́run?

Ẹ wo Bóásì. Nígbà tí ó dé oko, orúkọ Olúwa ni ó fi kí àwọn olùkórè, àwọn náà sì súre fún un. Jésù Olúwa wa sì kọ́ wa pé àlàáfíà tí a bá kí ilé kan lè bà lé e, ó sì lè padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó kí i. Ìkíni kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹnu lásán.

Ṣùgbọ́n kí ni à ń rí láàrin wa? A wọ aṣọ funfun, a kí ara wa ní àlàáfíà. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, a ti gbójú kúrò lára arákùnrin wa nítorí owó ìkórè. Obìnrin méjì ń kúnlẹ̀ lórí ẹní kan náà, wọn kì í sì í kí ara wọn lọ́jà. Àdúrà tí a yọ Ọlọ́run kúrò nínú rẹ̀ nìyẹn. Èèpo ló kù.

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tí ó mọ ìpínyà tí yóò jẹ́ ìkẹyìn. Ọkọ tó ń lọ oko, ọmọ tó ń wọ mọ́tò lọ Kùtọnu, ẹ má fi ìbínú sìn wọ́n. Ẹni tí ẹ bá a jà, ẹ lọ bá a lónìí, kí oòrùn tó wọ̀.

Kí Olúwa bá wa lọ, kí ó sì bá wa bọ̀, ní orúkọ Jésù Krístì. Àmín.