Ẹnìkan Kì í Jẹ́ Àwá Dé: Ìwà Tó Yẹ Ẹni Tó Ń Dá Rìnrìn Àjò

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí àjò lóun nìkan kò ní pẹ́ gbọ́ òwe yìí, òmíràn á sì tẹ̀ lé e kíá: àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ìyá á ní ọ̀nà ò dára. Bàbá á béèrè ẹni tí wọ́n jọ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n á ní kó tilẹ̀ mú àbúrò kan dání. Síbẹ̀ àwọn tó ń dá rìn ń pọ̀ sí i. Obìnrin kan á wa mọ́tò rẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn láàárọ̀ kùtù, á wo Igbó Ọ̀ṣun, á yà ní Ilé-Ifẹ̀, á wẹsẹ̀ nínú omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, á sì gun òkè Ìdànrè kó tó padà. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́, kò sì sí ìnáwó tó ń lọ. Ó kàn fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ni.

Kì í ṣe àṣà tuntun. Ní 1952, Ọlábísí Àjàlá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àjàlá Travel, gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles tòun ti aṣọ ìbílẹ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló gun alùpùpù Vespa kiri ayé, ó sì kọ ìwé lórí ìrìn náà ní 1963. Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London wá sí Èkó ní 2022, ọjọ́ 41 ló fi rìn ín. Lẹ́yìn ọdún méjì, Pẹ̀lúmi Nubi wa mọ́tò kékeré gba ọ̀nà London sí Èkó kan náà. Jàǹbá ọkọ̀ ṣe é ní Côte d'Ivoire. Wọ́n bá a tún mọ́tò náà ṣe, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ títí ó fi gúnlẹ̀ ní oṣù kẹrin.

"Wọ́n bá a tún un ṣe" yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹni mẹ́wàá tó kún inú bọ́ọ̀sì kan lè la ìlú márùn-ún kọjá láìkí ẹnikẹ́ni: oúnjẹ wọn wà nínú kúlà, ẹ̀fẹ̀ wọn wà lẹ́nu ara wọn. Ẹni tó dá rìn kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ó ní láti yá ojú onílé lò, torí àlejò ní ojú ni, kò fi ríran. Nítorí náà, ẹni tó rò pé ìdárìn ni ọ̀nà àtisá fún èèyàn ti ṣi iṣẹ́ náà gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ilé ni ìmúra ẹni tó fẹ́ dá rìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó kọ orúkọ ìlú tó máa gbà kọjá àti ibi tó máa sùn sí ìwé, kó fi sílẹ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo tí kì í gbàgbé nǹkan. Kó máa pe onítọ̀hún ní gbogbo ibi tó bá ti dúró, torí nẹ́tíwọ̀kì a máa wọgbó láàrin àwọn òkè. Sípíà táyà tó léfẹ̀ẹ́, jáàkì tó ń ṣiṣẹ́, owó kéékèèké lápò. Kó má sì wakọ̀ lóru. Èyí kò gba àríyànjiyàn.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn kan á ní àtìgbà tí Google ti dé, òwe yìí ti rọ̀ sẹ́yìn. Irọ́ ni. Máàpù orí fóònù mọ oríta, ṣùgbọ́n kò mọ ọjọ́ Orò. Obìnrin tó dá wọ ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Orò láìbéèrè lè bá gbogbo ilẹ̀kùn ní títì, kó má sì mọ ohun tó fà á. Ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́bàá ọ̀nà ló mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe ń béèrè sì wà. Wọn kì í jókòó sínú mọ́tò kí wọ́n yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n máa pariwo "hẹ̀lóò" sí àgbàlagbà. Èèyàn á bọ́ sílẹ̀, á kúnlẹ̀ díẹ̀ tàbí kó tẹríba, á kí wọn bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá ṣe rí: "Ẹ kú ọjà o, mà." "Ẹ kú ìkàlẹ̀, bàbá." Á ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá náà á tó sọ pé, "Ọmọ mi, má gba ìsàlẹ̀ yẹn o, àgbàrá ti gbé e lọ." Á sì béèrè pé, "Ṣé ìwọ nìkan ni?" Kò pọn dandan kí gbogbo ayé mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀. "Wọ́n ń retí mi níwájú, mà" ti tó. Bí ẹni tó di ìwé náà mú nílé bá ń retí ìpè lóòótọ́, ta ló purọ́?

Òṣogbo, ìdúró àkọ́kọ́, kì í ṣe ibi à ń yà gba bọ̀. Igbó Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 75, ọdún 2005 ni UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tí wọ́n bí ní Graz ní Austria ní 1915, dé Nàìjíríà ní 1950. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí ló fi sìmẹ́ńtì mọ àwọn ère ńláńlá inú igbó náà, nígbà tí àwọn kan ti ń gé igi ibẹ̀, tí wọ́n sì ń fojú ilẹ̀ lásán wò ó. Òṣogbo ló kú sí ní 2009.

Èèwọ̀ ibẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: wọn kì í ṣọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja inú odò, wọn kì í gé igi. Èyí tí àlejò sábà máa ń tẹ̀ lójú ni ti kámẹ́rà. Obìnrin kan lè kúnlẹ̀ létí odò tòun ti kété omi rẹ̀, kí ètè rẹ̀ máa mì, bóyá ọmọ ló ń tọrọ. Kì í ṣe eré ló ń ṣe. Ẹni tó bá gbé fóònù sí i lójú láìtọrọ àyè ti ba ti obìnrin náà jẹ́, ì báà jẹ́ pé ó ti sanwó ìwọlé. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ; fóònù náà wà lábẹ́ òfin yẹn. Kristẹni tàbí Mùsùlùmí tó bá wá síbẹ̀ kò sì wá fún àríyànjiyàn ẹ̀sìn. Kó béèrè ohun tí kò yé e, kó dúpẹ́, kó máa bọ̀.

Kó má ṣe bu omi odò Ọ̀ṣun mu ṣá. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ ọ́ di pípọ́n bí ẹrẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn èèyàn yé mu ún. Ó yẹ kí èyí dun ẹni tó bá fojú rí i. 

Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ga ju mítà márùn-ún lọ, òkúta líle tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára. Ó rọrùn láti wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kéèyàn máa lọ. Kéèyàn fún àgbà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ láyè kó pìtàn rẹ̀ dé òpin, kó sì fún un ní nǹkan, ìyẹn ló yẹ.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà gba ìṣọ́ra. Ìpele méje ni omi Olúmirìn gbà ń já wálẹ̀, òkúta ibẹ̀ sì ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ìpele àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí, kò sì sí ìtìjú nínú ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè sí i kó mú ọmọ ìlú kan dání, kó sì má dá lúwẹ̀ẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i. Láti ibẹ̀, ọ̀nà gba Ẹ̀fọ̀n-Alààyè lọ sí Ikogosi, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó ti rìn sinmi níbẹ̀.

Ìdànrè ló kàn, òun ló sì jọ mí lójú jù nínú gbogbo wọn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, pẹ̀lú ibùsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà. Orí òkè yẹn ni gbogbo ìlú ń gbé tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, tí wọ́n ní ó máa ń ba ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu, àfi ti àjẹ́.

Afinimọ̀nà á kọ́kọ́ ka ìtàn tó ń kà fún gbogbo àlejò, kíákíá, bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìsodipúpọ̀. Kéèyàn jẹ́ kó kà á tán. Lẹ́yìn náà kó wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, agbo ilé tiyín dà lórí òkè yìí?" Ohùn rẹ̀ á yí padà. Á nawọ́ sí ìpìlẹ̀ ògiri kan tí koríko ti bò, á dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀, á sọ ẹni tó kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀ àti ẹni tó kọ́kọ́ gbà. Àwọn ẹni mẹ́wàá inú bọ́ọ̀sì kò lè gbọ́ èyí láéláé, torí wọ́n á ti máa to ara wọn fún fọ́tò.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bá afinimọ̀nà dúnàádúrà, kì í ṣe lókè nígbà tí àárẹ̀ ti mú kálukú. Owó tí wọ́n bá sì fẹnu kò sí ni kéèyàn san, kó fi díẹ̀ lé e. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, kó kọrí sí Àkúrẹ́, kó sùn níbẹ̀, kó pe ẹni tó wà nílé. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń padà sí Ìbàdàn á gba Iléṣà. Ẹni tó ń lọ sí Èkó á gba Òǹdó sí Orè, kó sì tètè gbéra láàárọ̀, torí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kì í jẹ́ kí ọ̀nà Orè yá tí ọ̀sán bá ti pọ́n.