Ǹjẹ́ Ó Yẹ kí Olùrà Sọ Ohun tí Ó Mọ̀?

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ibi ìjà àti ibi ẹjọ́ ni a ti sábà máa ń pa òwe yìí. Èmi fẹ́ gbé e padà sí ibi kátàkárà gan-an. Bí olùrà bá mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń tà fún òun níye lórí ju bí ẹni tí ó ń tà á ti rò lọ, ǹjẹ́ ó di dandan kí ó sọ fún un?

N kò déédéé béèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń tún alùpùpù ṣe ní Ìkòtún gbọ́ pé ìyá àgbàlagbà kan ní Ìgàndò fẹ́ ta alùpùpù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó tó kú. Ó ní kí n bá òun lọ ka ohun tí a kọ sí i lára. Ẹ̀yìnkùlé ni a ti bá a. Igbó ti bò ó, adìyẹ sì ti yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. Àwọn tí ń ra àjákù irin ti ní àwọn yóò san ₦80,000.

Ọ̀rẹ́ mi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà dúdú ara táǹkì, àwọ̀ kákí àwọn ológun sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó wo irin tí ó di táyà iwájú mú: sípíríǹgì kan ṣoṣo ni ó gbé e dúró, kì í ṣe irú èyí tí ó ní òróró nínú, tí ó dé lẹ́yìn ogun. Ó fi epo nu ìdọ̀tí ara férémù, mo sì ka WM20 níwájú nọ́ńbà rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ́ńjìnnì, kò mira; ó ti gan. BSA M20 ni, ara èyí tí ó lé ní 120,000 tí wọ́n ṣe ní Birmingham fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun 1939 sí 1945. Lónìí, àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa san owó gọbọi lé irú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi rọra tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó ní, “Má sọ̀rọ̀ o.”

Ẹ má ṣe yára dá a lẹ́bi. Àlàyé rẹ̀ ni pé òun kò purọ́, òun kò sì jalè. Ọdún mẹ́fà ni òun fi kọ́ṣẹ́. Ìmọ̀ òun ni owó òwò òun. Ta ni í sọ èrè rẹ̀ fún ẹni tí ó ń bá ná ọjà?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Nínú ìwé Látìnì tí Cicero kọ ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, ó sọ nípa oníṣòwò kan tí ó kó ọkà láti Alẹkisáńdíríà wá sí erékùṣù Rhodes nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ ọkà mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé kí ó sọ, tàbí kí ó tà á lówó iyebíye? Diogenes ní kò di dandan kí ó sọ ọ́, Antipater ní kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Cicero gbè sẹ́yìn Antipater.

Ní tèmi, mo rò pé ohun méjì ni a ń pè ní ìmọ̀ níhìn-ín. Ìmọ̀ tí yóò sọ ẹ́ńjìnnì tí ó gan di èyí tí ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ni. Ó yẹ kí ènìyàn jèrè rẹ̀. Ìmọ̀ pé ìyá náà kò mọ ohun tí ó ní, kì í ṣe iṣẹ́; òkùnkùn ẹlòmíràn ni. Bí oníṣòwò bá ń bá oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ ná ọjà, kí olúkúlùkù la ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọ̀nà tí yóò gbà mọ̀, tí ó sì ń wo ojú wa, òun ni ọmọ tuntun inú òwe wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún.

Mo wí pé, “Ìyá, ẹ má tíì tà á fún àwọn oníjákù irin.” Mo sọ ohun tí ó jẹ́ fún un, ọ̀rẹ́ mi náà sì sọ gbogbo ohun tí ó bàjẹ́ lára rẹ̀ àti iye tí àtúnṣe yóò ná òun, nítorí ìyẹn náà jẹ́ òtítọ́. Wọ́n ná an títí, wọ́n fẹnu kò sí ìlọ́po mẹ́ta owó àjákù irin, tí ọ̀rẹ́ mi yóò san ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìkòtún.

Ṣùgbọ́n òfin yìí de ọ̀rẹ́ mi náà lọ́jọ́ tí òun bá ń tà. Ìyá náà ní ọkọ òun máa ń sọ pé alùpùpù náà ti Burma dé. Lóòótọ́, àwọn ọmọ wa jà ní Burma nínú Dífísọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ohun tí WM20 jẹ́rìí sí ni pé ológun ni a ṣe é fún; kò sọ ibi tí ó jà. Ẹni tí ó bá fi Burma kún iye rẹ̀ ń ta ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi ọjà kọ́. Ẹ̀bi àwa tí ń ná an ni. Èrè tí ènìyàn kò lè ṣàlàyé lójú ẹni tí ó ti jẹ ẹ́, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó kó o sápò.